Ìtọ̀ Sìrájù Ládàánì

Àbúrò mi ni Sìrájù. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá kan náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú lọ, ẹ̀yìn mi ló sì wà jù nígbà tí ìyá wa bá lọ fa ẹ̀gẹ́ lóko. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ará ìta ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò yé èmi alára tán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Fìdítì, bí nǹkan ò bá sì yé mi, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni, bóyá á yé mi lójú ìwé.

Télọ̀ ni Sìrájù, ní Ìlọrà níbi tí wọ́n bí gbogbo wa sí. Jàlàbíà àti ṣòkòtò ọkùnrin ló ń rán. Kì í pariwo, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, bí oníbàárà bá sì pẹ́ kó tó wá gbé aṣọ, á lọ̀ ọ́, á ká a, á fi ọ̀rá wé e títí onítọ̀hún á fi dé. Bí mo bá ní kó yé ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó jẹ́ kí èèyàn mọ̀ nígbà tí inú bá ń bí i, ẹ̀rín ló máa fi dá mi lóhùn. Èmi ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ̀, ọkọ mi náà mọ̀.

Àmọ́ ohun tí àdúgbò wa fi mọ̀ ọ́n jù ni ìpè ìrun. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti jẹ́ ládàánì ní mọ́ṣáláṣí ràtíbì tó wà nítòsí ilé wa. Ohùn rẹ̀ ò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́ gaara, kì í sáré, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń gbé kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Pẹ̀lúmi tí ilé rẹ̀ kọjú sí mọ́ṣáláṣí, tí òun jẹ́ Aládùúrà, máa ń sọ pé Sìrájù ló ń jí òun fún àdúrà àárọ̀, òun ò ra aago rí láyé òun.

Nínú oṣù Ramadáànì ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. A rò pé ebi ni. Ààwẹ̀ parí, ọwọ́ ò dákẹ́. Òwú kò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́ fún un, ojú rírán aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ọkùnrin kan láti Awẹ́ sì da jàlàbíà rẹ̀ padà, ó ní òun ò lè wọ aṣọ tí ọrùn rẹ̀ dojú kọ èjìká. Nígbà tó ṣe, ahọ́n rẹ̀ náà wúwo. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló dà bíi pé iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, itọ́ á sì máa yọ́ jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu láìmọ̀. Tó bá ń rìn, á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì.

Ẹni tó ń ṣe gbogbo èyí, tó tún wá ń pe ìrun nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n gbé sórí òrùlé, kò lè fi pamọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ọ. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ládàánì ti ń mu nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi níbí, torí mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Nígbà tí mo gbọ́, inú bí mi sí àwọn tó ń sọ ọ́, mo sì bú ẹni mẹ́ta lójúkojú. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ọkọ̀ láti Fìdítì lọ sí Ìlọrà, mo ní kí Sìrájù la ẹnu, mo gbóòórùn rẹ̀. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan ju ti ata rodo lọ. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ tó lọ ra bọ́tìnnì ní Ọ̀yọ́, mo tú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wò, mo rí ìgò kan lábẹ́ tábìlì. Mo ṣí i, mo fi imú sí i: òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Síbẹ̀ náà, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo gbé Kùránì síwájú rẹ̀, mo ní kó búra. Ó búra. Bó ṣe ń búra ni itọ́ ń kán sí àyà aṣọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì já geere. Mo wò ó títí, mo sọ pé, "Ó dáa. Ọlọ́run ló mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ fún ọmọ tí mo pọ̀n.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Lẹ́mọ́mù gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún ẹlòmíì. Kò wàásù lé e lórí, kò bá a wí níṣojú èèyàn, ó kàn ní kó lọ sinmi. Sìrájù kúrò níwájú, ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, ibẹ̀ ló sì ń kírun láti ọjọ́ náà. Ìyá wa ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Ó ní ojú ti òun, òun ò mọ̀ bóyá fún Sìrájù ni tàbí fún àwọn tó ń purọ́ mọ́ ọn.

Ojú Sìrájù tó pọ́n rúsúrúsú ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fún un ní àgbo ibà pọ́njú nílé, kò lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ìlú ní kí á máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn. Ibẹ̀ la ti bá Dókítà Adéwùnmí pàdé, obìnrin kékeré kan báyìí tí mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ iléèwé ni. Ó ní kí Sìrájù na ọwọ́ méjèèjì, ó ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé. Ẹni tó máa ń kọ ìwé bíi ẹ̀rọ ni, ṣùgbọ́n ohun tó kọ lọ́jọ́ náà, èmi tí mò ń ka ìwé ọmọ kíláàsì kìíní kò lè kà á. Dókítà tan iná sí ẹyinjú rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó ní òun rò pé òun rí nǹkan ṣùgbọ́n kò dá òun lójú.

Ó wá yíjú sí mi. "Mà, ẹ mọ bàbà? Irin pupa tó máa ń wà nínú wáyà iná?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

"Ó wà nínú oúnjẹ gbogbo wa, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń da èyí tó bá pọ̀ jù nù. Ẹ̀dọ̀ ẹlòmíì ò lè dà á nù láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Á wá máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀, tó bá yá, á lọ sínú ọpọlọ. Tó bá dé ọpọlọ, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ahọ́n á wúwo, èèyàn á máa rìn bí ẹni tó mutí."

Bí ó ṣe sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, Sìrájù gbé ojú sókè. Èmi ò tíì kúrò lórí wáyà iná. Mo ní, "Ta ló fún un jẹ?"

"Kò sẹ́ni tó fún un jẹ, Mà. Láti inú ìdílé ni. Ìyá lè ní díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, bàbá lè ní díẹ̀, kí ó má sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

Ìdílé wa kẹ̀! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹbí ìyá, mo ka ti bàbá, mi ò rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú sí dókítà tàbí kí n dúpẹ́. Ó ní bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni, oògùn wà, ọwọ́ rẹ̀ lè padà sípò, ohùn rẹ̀ náà lè padà. Ṣùgbọ́n kò lè fún un ní oògùn náà láìrí ẹ̀rí, oògùn líle ni. Ìtọ̀ ló máa jẹ́rìí. Bí bàbà bá pọ̀ lára rẹ̀, á hàn nínú ohun tó bá tọ̀ láàárín òwúrọ̀ ọjọ́ kan sí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì ike funfun kan fún wa, oògùn díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó dà á nù. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo rẹ̀ ni kó máa dà sínú kẹ́ẹ̀gì, títí kan àkọ́kọ́ ti ọjọ́ kejì. Kó má fi abọ́ irin gbà á o, abọ́ ike ni. Kó má gbé e sí oòrùn. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì: "Kí ẹ̀kán kan má bọ́ sílẹ̀."

Ẹ gbọ́, Sìrájù máa ń tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá sọ fún un. Ìwà rẹ̀ ni. Ọjọ́ Àìkú ló ṣe é, ìyá wa ló sọ bó ṣe lọ fún mi. Ó ra abọ́ ike tuntun. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn ilé lábẹ́ ibòji igi máńgòrò, jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń kírun, ó fi aṣọ bò ó. Kò lọ ṣọ́ọ̀bù. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé abọ́ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì tó ń gbọ̀n yẹn dì í mú, á sì tọ̀ sínú rẹ̀ lórí ìjókòó kó má baà dà nù. Nígbà tí Sìrájù gbé kẹ́ẹ̀gì dé Fìdítì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí a jọ wọ ọkọ̀ Ìbàdàn, kẹ́ẹ̀gì náà ti kún dé ọrùn. Mo yìn ín. Mo ní, "O gbìyànjú o, ìwọ nìkan lo tọ gbogbo èyí?" Ojú tì í, torí àwọn èèyàn wà nínú ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi retí èsì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń gbàdúrà pé kí bàbà wà lára àbúrò mi. Irú àdúrà wo nìyẹn? Mo máa ń dìde lórí ìrun, mo máa dúró, ọ̀rọ̀ náà á sì dà rú mọ́ mi lójú.

Èsì dé. Dókítà Adéwùnmí tẹjú mọ́ ìwé bíi pé èdè mìíràn ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní ti ẹni tí ara rẹ̀ le kì í ju ogójì lọ. Tó bá ti lé ní ọgọ́rùn-ún, àìsàn náà ni wọ́n ń fura sí. Ti Sìrájù lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá.

Mo pariwo, "Àlùhámúdùlílà!" Mo ti dìde kí n dì mọ́ ọn.

"Ẹ jókòó, Mà," ni dókítà wí. "Kò sí ẹ̀dá alààyè tó ń tọ irú èyí. Àfi bó bá jẹ́ pé wáyà iná ló ń jẹ. Nǹkan kan wọ inú ìtọ̀ náà." Ó kọjú sí Sìrájù. "Ṣé abọ́ ike lẹ lò?"

"Ike ni."

"Ẹ sọ fún mi bẹ́ ẹ ṣe ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀."

Sìrájù sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, torí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé abọ́, ó tọ̀. Ó bu omi, ó ṣan ara rẹ̀. Dókítà ní omi wo. Ó ní omi tí èèyàn fi ń mọ́ lẹ́yìn ìtọ̀ ni. Mùsùlùmí ló sì ń bá sọ̀rọ̀, kò sí Mùsùlùmí tí á tọ̀ tí kò ní ṣan ara rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ládàánì! Dókítà ní, "Níbo ni omi náà ń bọ́ sí?"

Ó ní, "Inú abọ́ náà ni. Ẹ ní kí ẹ̀kán kan má bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kán tó bá kù lára mi, omi ló máa gbé e wá."

Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyẹn ló jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì kún. Ó ní ṣùgbọ́n omi lásán ò ní bàbà. Kí ló fi ń bu omi náà?

"Búta."

Mo mọ búta náà. Bàbá wa Àlàájì ló gbé e bọ̀ láti Mẹ́kà, ó sì ti kú fi sílẹ̀ fún wa. Bàbà ni látòkè délẹ̀, pupa fòò. Ìyá wa a máa fi òroǹbó wẹ́wẹ́ àti yanrìn fọ̀ ọ́ kó lè dán. Nǹkan aláwọ̀ ewé máa ń wà nínú rẹ̀ nísàlẹ̀, a rò pé bó ṣe máa ń rí ni. Nítorí pé ẹ̀rí ńlá ni ìtọ̀ náà fẹ́ jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ìyá wa ti fọ̀ ọ́ dáadáa láàárọ̀, omi òroǹbó sì ṣẹ́kù sínú rẹ̀, kíkan rẹ̀ sì ń bọ́ bàbà náà sínú omi. Wọ́n ní kó má fi irin gba ìtọ̀, kò sì fi irin gbà á. Ta ló máa ronú kan búta? Omi ni búta wà fún.

Dókítà ní èsì náà ò wúlò fún nǹkan kan. Kò lè sọ pé àìsàn wà, kò lè sọ pé kò sí. Kí á tún un ṣe.

Ìyá wa gbọ́, ó bú sẹ́kún. Ó ní ọjọ́ gbogbo ni Sìrájù ń fi omi búta yẹn yọ ẹnu fún àlùwàlá, òun ti fi ohun tí ọkọ òun gbé bọ̀ láti ilé Ọlọ́run pa ọmọ òun. Mo tẹ dókítà láago. Ó ní kí wọ́n pa búta náà tì, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń lò ó, kí ló dé tí ọwọ́ àwa yòókù ò gbọ̀n? Mo fi ìyẹn náà sínú àwọn ohun tí kò yé mi.

Ṣùgbọ́n kí n padà sínú ọkọ̀ tí a wọ̀ bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, èmi àti Sìrájù. A ti kọjá ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó, a ti fẹ́ wọ Fìdítì. Orí mi ń gbóná. Ohun tí mo ń rò ni pé, bí bàbà yẹn bá jẹ́ ti búta, nígbà náà kí ló wà lára àbúrò mi? Mo yíjú sí i, mo rọra sọ ọ́ kí ẹlòmíì má gbọ́.

"Sìrájù, ó dá ọ lójú pé o ò mu nǹkan kan? Sọ fún èmi nìkan."

Ó wò mí. Kò bínú, ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ó nu ẹnu rẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Fìdítì, ọkọ̀ gbé òun lọ sí Ìlọrà, kò sì juwọ́ sí mi.

Ó tún ìtọ̀ náà gbà lọ́sẹ̀ kejì. Búta ike ló lò, ilẹ̀ gbẹrẹfu lẹ́yìn ilé ló sì ti ń ṣan ara rẹ̀, kì í ṣe lórí abọ́. Kẹ́ẹ̀gì ò kún dé ìdajì. Òun nìkan ló gbé e lọ sí Ìbàdàn, kò dúró gbé mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn. Nígbà tí dókítà tẹ̀ mí láago pé kí n wá gba èsì, ó ti sọ ọ́ lórí fóònù kí n tó dé ibẹ̀: ó lé díẹ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún. Àìsàn náà ni. Wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ oògùn tí á máa fa bàbà náà gba inú ìtọ̀ jáde, á pẹ́ kó tó hàn, ó lè kọ́kọ́ burú sí i, kó má jáwọ́ láé. Èmi náà gbọ́dọ̀ tọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, torí ìyá kan bàbá kan ni wá. Mo tọ̀ ọ́, tèmi mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo gba ìwé èsì Sìrájù, mi ò lọ sílé. Mo gba Ìlọrà lọ tààrà, mo bá Lẹ́mọ́mù lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Inú mi ń dùn lọ́nà tí kò dáa. Mo fẹ́ kí ojú tì wọ́n. Mo na ìwé náà sí i, mo ní, "Ẹ wò ó, Lẹ́mọ́mù. Ẹ̀rí rèé. Kò mutí rí."

Lẹ́mọ́mù ò gba ìwé náà. Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀?

"Mo bi í léèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ jáde. Ó ní òun ò mu ún. Ìyẹn ti tó mi. Ọ̀rọ̀ ìpè ló ń já lẹ́nu rẹ̀, ìdí tí mo fi ní kó sinmi nìyẹn, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀." Ó wo ìwé ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. "Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà. Ẹ bá mi kí i."

Mo dúró sójú kan náà pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn tí mo bú, gbogbo àwọn tí mo fẹ́ kí ojú tì. Mo wá ọ̀kan nínú wọn tó gbé Kùránì síwájú Sìrájù pé kó búra, mi ò rí.

Sìrájù wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń gbìyànjú láti já okùn ojú rírán kan tí kò dáa. Mo ka èsì náà fún un látòkè délẹ̀, mo ka ọ̀ọ́dúnrún ó lé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó dárí jì mí. Mo ní mo ti gbà á gbọ́ báyìí, pátápátá, láìsí iyèméjì kankan.

Ó dáwọ́ dúró. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde, mo sì ní láti tẹ́tí dáadáa kí n tó gbọ́ ọ.

"Àǹtí, ìtọ̀ mi lẹ gbà gbọ́."

Mo ní, "Sìrájù."

"Ká ní èsì yìí wá, tí wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀ ńkọ́?"

Ó ń wò mí, itọ́ ń bọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, kò nù ún. Oṣù kẹrin rèé tó ti ń lo oògùn náà, mo ń lọ wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń kí mi, ó ń bi mí léèrè ọkọ mi àti àwọn ọmọ. Mi ò tíì dá a lóhùn.